Ṣé ìbínú ni "upset"? Ìdáhùn fún ẹni tó ń ṣe ògbufọ̀ fún mọ́lẹ́bí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní England ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá Yorùbá kan wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Èmi nìkan ni mo gbọ́ Yorùbá níbẹ̀, nítorí náà èmi ni mo máa ń ka ohun tí wọ́n bá kọ nípa wọn fún àwọn ọmọ wọn ní Òṣogbo lórí fóònù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kọ ọ́ pé "She was upset after lunch." Mo sọ fún àkọ́bí wọn pé ìyá bínú lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ni wàhálà bá dé. Ó ní ìyá àwọn kì í ṣe oníbìínú ènìyàn, ta ló rí wọn fín? Kí la fún wọn jẹ? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni "upset" lédè Yorùbá gan-an? Mo wò ó lórí fóònù mi, "bínú" ló gbé jáde. Ẹ̀gbọ́n mi kan náà ní "bínú" ni.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú ìyá. Ìbéèrè yìí, tàbí èyí tó fara jọ ọ́, kì í pẹ́ kó tó tún dé, ìdí nìyẹn tí n ó fi dáhùn rẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó: kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó jẹ́ "upset". Ẹ má wá a mọ́. Àwọn tó ń ta ìwé pẹlẹbẹ fún arìnrìn-àjò, tí wọ́n to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sápá òsì, tí wọ́n sì fi ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ̀ọ̀kan dojú kọ ọ́ lápá ọ̀tún, ìpalára ni wọ́n ń ṣe. Fóònù yín náà kò mọ ìyá, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ tó máa ń pàdé jù ló mú jáde.

"Bínú" yẹn gan-an ló fa ìjà. Ní England, bí wọ́n bá kọ ọ́ nípa àgbàlagbà pé "she was upset", ohun tí wọ́n sáábà ń sọ ni pé ó sunkún, tàbí pé omijé lé ròrò sójú rẹ̀, tàbí pé nǹkan kan bà á nínú jẹ́ débi pé kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n tilẹ̀ máa ń fi ọ̀rọ̀ náà bo ẹkún láṣìírí. Lẹ́nu tiwa, ọba kì í kú, wíwàjà ló ń wàjà. Lẹ́nu tiwọn, àgbàlagbà kì í fi bẹ́ẹ̀ sunkún, "upset" ló máa ń jẹ́. Ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn lè ti rí omijé ìyá, kó sì fẹ́ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ọ̀wọ̀ yẹn lẹ wá sọ di ẹjọ́.

Ibi tí àṣìṣe náà ti wá kò fara sin. Ní Nàìjíríà, ẹnu ọ̀gá ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Tíṣà á pariwo pé "You have upset me!", pàṣán á sì tẹ̀lé e. Ọmọ tó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kò ní gbàgbé ìtumọ̀ rẹ̀ láéláé. Ó dàgbà, ó dé ibi iṣẹ́, máníjà tún ní "Don't upset me this morning", gbogbo ọ́fíìsì dákẹ́ rọ́rọ́. Báwo ni kò ṣe ní gbà pé ìbínú ni? Mi ò sọ pé kò sí ìbínú nínú rẹ̀ rárá o. Ó wà níbẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń wà nínú ọbẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í pe ọbẹ̀ ní iyọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí ọ̀rọ̀ náà. Abọ́ ọbẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ lórí tábìlì, ìgbọ̀nwọ́ ẹnìkan kàn án, abọ́ dojú dé: wọ́n ti "upset" abọ́ yẹn. Ọkọ̀ ojú omi tí ìgbì dojú rẹ̀ dé, "upset" náà ni. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń bẹ̀rẹ̀ ni ìlò yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò sì pẹ́ rárá tí wọ́n fi gbé e kúrò lórí abọ́ àti ọkọ̀ lọ sórí ọkàn ènìyàn. Ẹni tó bá "upset", ọkàn rẹ̀ ti jókòó jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, kí nǹkan tó wá dojú rẹ̀ dé. Kí ló wá dà sílẹ̀ látinú abọ́ náà? Ó lè jẹ́ omijé. Ó lè jẹ́ ìbẹ̀rù, ó lè jẹ́ ìtìjú, ó lè jẹ́ ìbínú, ó sì lè jẹ́ pé ẹni náà kàn dákẹ́ tí kò jẹun mọ́. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò sọ èyí tó jẹ́ nínú wọn. Ìbínú ní tirẹ̀ máa ń wá ẹni tí yóò dojú kọ, torí a máa ń bínú sí ènìyàn ni. "Upset" kò nílò ẹnìkan. Ìyá lè rí fọ́tò ọkọ wọn tó ti lọ, kí wọ́n di "upset", kò sì sí ẹni tí wọ́n ń bá jà láyé.

Èdè wa kò tòṣì ọ̀rọ̀ fún èyí. Ó pọ̀ lọ́wọ́ wa jù ni, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fi ẹyọ kan bo gbogbo rẹ̀. Àwa ń pín in fún inú, fún ọkàn, fún ara, fún ojú, a sì ń wọn bó ṣe wúwo tó. "Ó ṣe mí bákan" ló fúyẹ́ jù, òun ló bá "a bit upset" mu: nǹkan náà kan ọkàn, àmọ́ iṣẹ́ ń lọ. "Ó dùn mí" wà fún ohun tí ẹni a fọkàn tán ṣe síni. "Ó ká mi lára" le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ náà kọ̀, kò lọ lọ́kàn, èèyàn sùn ó tún jí bá a. "Inú mi bàjẹ́" ni mo máa ń fi síwájú bí wọ́n bá ní "upset" láìsí àlàyé, tí ẹni náà sì fajú ro tàbí sunkún. Òun náà ló rọrùn láti yí padà sí ọ̀rọ̀-ìṣe: "the news upset her", ìròyìn náà bà á nínú jẹ́. Tó bá jẹ́ ìròyìn ikú tàbí jàǹbá, tí wọ́n sì kọ "very upset" nípa ẹni tí kò lè ronú tààrà mọ́, "ọkàn rẹ̀ dàrú" ló sún mọ́ ọn jù. "Ọkàn mi ò lélẹ̀" ń wo ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. "Worried" tàbí "anxious" ni ẹnìkejì rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe "upset".

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí "bínú" fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi ṣe ìkẹyìn. Gẹ̀ẹ́sì ní "angry". Ó ní "cross" fún ẹni tó ń kanra. Ó ní "furious" fún ẹni tó gbaná jẹ. Bí ìyá bá ti jan tábìlì, tí wọ́n ń pariwo mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ni ẹni yẹn ìbá kọ, tàbí èyí tí àwọn ilé ìtọ́jú fẹ́ràn jù, "agitated", ìyẹn ẹni tí ara rẹ̀ kò gbé ibì kan, tó ń rìn síwá sẹ́yìn, tó ń fa aṣọ, tó ń já ọwọ́ gbà. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀, kò mú wọn. Kí wá ló dé tí ẹ̀yin fi mú un fún un? Nínú ìwé irú iṣẹ́ yín, ẹ ó tún máa rí "unsettled", òun fúyẹ́ ju "upset" lọ: "an unsettled night" ni pé ìyá kò sùn dáadáa, wọ́n ń yí kiri. "Tearful" ni pé ẹkún kò jìnnà sójú wọn. "Distressed" ni kó já yín láyà díẹ̀, torí ìdààmú tó ń wá ìrànlọ́wọ́ kíákíá ni. Ẹ má da gbogbo wọn pọ̀ sínú ìkòkò kan.

Ọ̀rọ̀ kékeré tó bá tẹ̀lé "upset" máa ń là yín lójú ju ìwé atúmọ̀ èdè lọ. Bó bá jẹ́ "about" tàbí "over", ohun tó fà á ló ń bọ̀ níwájú: "upset about the move", kíkó tí wọ́n fẹ́ kó wọn kúrò ní yàrá wọn ló bà wọ́n nínú jẹ́. Bó bá jẹ́ "by", ohun tí wọ́n ṣe tàbí tí wọ́n sọ ló ń bọ̀. Bó bá jẹ́ "with", tí orúkọ ènìyàn sì tẹ̀lé e, ìgbà yẹn ni àríwísí wà nínú rẹ̀, ìgbà yẹn nìkan sì ni mo lè gbà kí ẹ sún mọ́ ìbínú. Níbẹ̀ pàápàá, "inú wọn ò dùn sí i" dára ju "wọ́n bínú sí i" lọ, torí "upset with" máa ń gbé ìrora àti ìjákulẹ̀ dání; ẹni tó bá ní òun "upset with" ọmọ òun ṣì fẹ́ kí ọmọ náà wá bẹ òun.

Nínú gbólóhùn tiyín, kò sí "with", kò sí "about". "After lunch" ló wà níbẹ̀. Àkókò ni "after lunch", kì í ṣe ìdí. Àmọ́ bí Yorùbá bá gbọ́ "ó bínú lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán", lójú ẹsẹ̀ ló ti di ẹ̀sùn: oúnjẹ náà kò dára, tàbí ẹni tó gbé e wá ló ṣàfojúdi. Ẹ̀bi kì í ṣe ti àkọ́bí ìyá. Ohun tí ẹ kà fún un ló gbọ́. Ẹ bá ti sọ pé "inú wọn bàjẹ́ díẹ̀ lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán", ìbéèrè rẹ̀ ì bá jẹ́ "kí ló dé?", kì í ṣe "ta ni?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti lè ba ayé ẹni jẹ́ nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ká ní obìnrin kan ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé fún ọlọ́pàá. Ó ní, "Nígbà tí ọkọ mi gbọ́, inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì jáde." Mọ̀lẹ́bí tó ń ṣe ògbufọ̀ sọ pé "He was angry and he went out." Bí ẹnìkan bá fara pa ládùúgbò lóru ọjọ́ yẹn, ọkọ ti ní ìdí láti jà nínú ìwé ọlọ́pàá, gbólóhùn tí ìyàwó rẹ̀ kò sọ ló sì fún un. Ẹ yí i padà: obìnrin ní "inú bí i, ó gbá ilẹ̀kùn wọlé". Ògbufọ̀, torí kò fẹ́ kí ìdílé tẹ́, sọ pé "he was upset". Ìwà ipá ti pòórá. Ẹni tó wá ààbò kò rí i mọ́. "Inú bí i" jẹ́ "he was angry", ẹ má rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Inú rẹ̀ bàjẹ́" jẹ́ "he was upset" tàbí "he was very sad", ẹ má sì gbé e ga. Ògbufọ̀ kì í fi kún un, kì í sì yọ kúrò nínú rẹ̀.

Nítorí èyí, bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọlọ́pàá, ilé ẹjọ́, ìwé ìgbélùú tàbí iṣẹ́ abẹ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ yọwọ́. Ẹni tí ọlọ́pàá bá mú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò gbọ́ èdè wọn, ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láì san kọ́bọ̀. Ní ilé ìwòsàn NHS, ìyẹn ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀, kì í ṣe aláìsàn ló ń sanwó ògbufọ̀. Ní Nàìjíríà, abala 36(6) nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ kan náà nílé ẹjọ́, bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń gbọ́ ẹjọ́. Ẹ béèrè fún un. Ohun tí mo kọ síbí kì í ṣe ìmọ̀ràn lọ́yà, kò sì lè rọ́pò lọ́yà. Ìlò èdè ni mo ń ṣàlàyé.

Ó tún ku ti inú tó jẹ́ ikùn, èyí tó ń fa oògùn àṣìlò. "Upset stomach", "tummy upset", "stomach upset": ìbànújẹ́ kò sí níbẹ̀, ìbínú kò sí níbẹ̀. Ikùn ló ṣàìgbádùn. Kì í ṣe orúkọ àìsàn kan pàtó pẹ̀lú, agboorùn ni. Abẹ́ rẹ̀ ni inú rírun wà, àti inú wíwú, àti kí oúnjẹ má dà, àti kí èébì máa gbéni, àti ìgbẹ́ gbuuru. Bí nọ́ọ̀sì bá ní ìyá ní "upset stomach", tí ẹ sì sọ nílé pé "inú ìyá bàjẹ́", wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tù wọ́n nínú lórí fóònù, nígbà tó jẹ́ pé omi ló ń tán lára wọn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù tún wà ní ìdàkejì: ìyá ní "inú mi ò dáa láti àárọ̀", ẹnìkan yí i padà sí "my stomach is bad", wọ́n fún wọn lóògùn ikùn, ìyá sì ń ṣọ̀fọ̀ àbúrò wọn tó kú nílé. Inú wa ni ikùn, inú wa náà ni ìbànújẹ́ àti ayọ̀ ń gbé. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ èyí, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ là á.

Ọ̀nà tí ẹ ó fi là á kò ṣòro. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá pé: "Ṣé inú ń run yín ni, àbí nǹkan kan bà yín nínú jẹ́?" Bí wọ́n bá ní ó ń run àwọn, ẹ má dúró síbẹ̀. Níbo nínú ikùn? Ṣé wọ́n bì? Ìgbà mélòó ni wọ́n ti yàgbẹ́ láti òwúrọ̀, ṣé ó ń ṣàn, ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀? Ìgbà wo ni wọ́n tọ̀ kẹ́yìn? Ìdáhùn wọ̀nyí ni nọ́ọ̀sì nílò, kì í ṣe "upset stomach" tí ẹ lè fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Running stomach" tí a máa ń sọ nílé pàápàá, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì òyìnbó kò mọ̀ ọ́n. "Diarrhoea" ni kí ẹ sọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà, tàbí tí omi kò dúró nínú wọn, tàbí tí arúgbó tàbí ọmọdé kò bá tọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, dókítà ló kàn, kì í ṣe èmi.

Gírámà rẹ̀ kò gba àkókò púpọ̀. Kò sí "upsetted" nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí "it upsets me", lánàá "it upset me", ó ti ṣẹlẹ̀ "it has upset me". Àṣìṣe tó ń dójú tini ni "I am upsetting", tí ẹnìkan fẹ́ fi sọ pé inú òun bàjẹ́. Ohun tó sọ ni pé òun ni òun ń ba àwọn ènìyàn nínú jẹ́. Ìròyìn ló ń jẹ́ "upsetting", ènìyàn ló ń jẹ́ "upset". Ẹ sì fetí sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ ohùn mọ́ ọn. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò yẹ kí èyí ni lára. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, tàbí tó bá wà lẹ́yìn "is" àti "was", apá "set" ni wọ́n ń tẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, apá "up" ni wọ́n ń tẹ̀. Níwájú "stomach", ìtẹ̀mọ́ náà máa ń sáré padà sórí "up" lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀-orúkọ yẹn ni ẹ ó máa gbọ́ jù nínú eré ìdárayá, mo sì mẹ́nu bà á torí àwọn tó ń tú ìròyìn bọ́ọ̀lù sí Yorùbá. "An upset" ni kí ẹni tí gbogbo ayé fojú kéré na ẹni tí gbogbo ayé ń retí pé yóò borí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje 1996, nínú Òlíńpíìkì Atlanta, Brazil ti fi 3 sí 1 ṣíwájú Nàìjíríà ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Nàìjíríà dá a padà, wọ́n sì jáwé olúborí pẹ̀lú 4 sí 3, Kanu Nwankwo ló gbá èyí tó parí rẹ̀ wọlé ní àkókò àfikún. "Nigeria upset Brazil" ni wọ́n ń kọ nírú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "Nàìjíríà bí Brazil nínú" ti pa góòlù mẹ́rin rẹ́. "Nàìjíríà gbo ewúro sí Brazil lójú láìròtì" ni; ẹ má yọ "láìròtì" yẹn kúrò, torí òun ni ẹ̀mí ọ̀rọ̀ náà. Ìtàn kan sì wà káàkiri pé orúkọ ẹṣin ni ìlò yìí ti wá. Òótọ́ ni pé ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ 1919, ní Saratoga ní ìpínlẹ̀ New York, ẹṣin kan tó ń jẹ́ Upset na Man o' War, ẹṣin olókìkí tó sá ìdíje mọ́kànlélógún láyé rẹ̀ tí kò pàdánù ju ẹ̀ẹ̀kan yẹn lọ. Àmọ́ ìwé ìròyìn New York Times ti lo ọ̀rọ̀ náà fún eré ẹṣin ní 1877, ọdún méjìlélógójì ṣáájú. Ẹṣin náà kọ́ ló bí i.

Ìtumọ̀ méjì mìíràn kù tó ta ko ohun tí ẹ ń rò. Kí "upset" tó di dídojú dé, ohun tó kọ́kọ́ túmọ̀ sí láyé àtijọ́ ni kí a gbé nǹkan nàró. Ìyókù rẹ̀ ṣì wà nínú "upset price" níbi gbàǹjo, ní Scotland àti láwọn apá kan ní Amẹ́ríkà: iye tí wọ́n gbé kalẹ̀ pé ọjà kò gbọdọ̀ lọ ní iye tó kéré sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilé, ẹ má rò pé iye tó ń bí onílé nínú ni o. Àwọn alágbẹ̀dẹ òyìnbó náà ń "upset" irin: wọ́n á mú orí ọ̀pá irin gbóná dáadáa, wọ́n á wá lù ú láti orí sí ìdí kó lè kúrú kó sì ki níbẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ yọ orí bọ́ọ̀tì. Bí irú rẹ̀ bá dé iwájú yín nínú ìwé iṣẹ́, ẹ kọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe sílẹ̀, ẹ má wá ọ̀rọ̀ ọkàn sí i.

Ní ti ìyá yín wàyí. Kí ẹ tó tún gbé fóònù, ẹ lọ bá ọ̀gá yín kí ẹ sì gba àṣẹ. Àkọsílẹ̀ ìtọ́jú ìyá kì í ṣe ohun tí òṣìṣẹ́ ń kà fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù nítorí pé ó gbọ́ èdè, kódà bó bá jẹ́ ọmọ wọn. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín láṣẹ, ẹ lọ bá ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn lójúkojú. Ẹ bi í ní ohun tó rí: ṣé ẹkún ni, ṣé ìdákẹ́ ni, báwo ló ṣe pẹ́ tó, kí ló ṣẹlẹ̀ kété ṣáájú rẹ̀, kí ló sì mú un rọlẹ̀. Ẹ rọ̀ ọ́ kó máa kọ "she cried for ten minutes" bó bá jẹ́ pé ẹkún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló rí, torí "upset" lásán kò ní ran ẹni tó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ lálẹ́ lọ́wọ́. Ẹ tún bi ìyá fúnra wọn, ní Yorùbá, ní ìdákẹ́jẹ́, nígbà tí kò sí èrò. Lẹ́yìn náà, ẹ pe àkọ́bí wọn padà. Ẹ sọ fún un pé ẹ ṣì í sọ, pé kò sí ẹni tó kọ ọ́ pé ìyá bínú, pé inú wọn ló bàjẹ́, kí ẹ wá sọ ohun tó fà á gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún yín.